Ẹjọ́ Bàtà Tí Kò Dọ́gba

Bí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, ẹ máa rò pé olè ló jà á. Ó jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí, òòlù ẹ̀ wà nílẹ̀, gọ́ọ̀mù tó ti ṣí sílẹ̀ ń gbẹ lọ nínú agolo. Ẹni tí kì í fi gọ́ọ̀mù ṣòfò! Fóònù ẹ̀ wà lórí itan ẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ bù ú jẹ.

Ṣúmékà ni obìnrin náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, obìnrin ṣe wá ń ṣe ṣúmékà? Ẹ jẹ́ kí n yáa dá yín lóhùn kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán bàtà, wọn kì í fi irùngbọ̀n rán an. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Bàtà-Ò-Dọ́gba nítorí irú bàtà tó ń ṣe, ó sì ń dáhùn.

Bàtà àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan kúrú ju èkejì lọ ló ń ṣe. Ó máa ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ bàtà kan nípọn ju ti ìkejì lọ, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè dúró dáadáa, kó má máa tiro. Tí ẹ bá gbé méjèèjì sórí tábìlì, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, wọ́n á dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ wá wọ̀ ọ́ fún ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ parí.

Bó ṣe ń wọn ẹsẹ̀ èèyàn, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Á ní kẹ́ ẹ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ máa to ìwé sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú, ọ̀kan lé ọ̀kan, títí ìbàdí yín méjèèjì á fi dọ́gba. Á wá fi rúlà wọn àwọn ìwé náà. Ibi tí ìwé bá ga dé, ibẹ̀ náà ni ìsàlẹ̀ bàtà máa ga dé. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn máa ń ya ara wọn ní fọ́tò lórí ìwé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìwé òfin ló dúró lé. Lọ́yà ni, ó ní ìwé òfin nìkan ló wà ní ọ́fíìsì òun.

Bàbá obìnrin náà ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe pé bàbá náà kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ máa ṣe bàtà tí kò dọ́gba. Ọmọ ẹ̀ ló fà á. Látinú ìyá ẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì obìnrin yìí ti kúrú ju ọ̀tún lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá ẹ̀ gé táyà mọ́tò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà òsì, ó fi awọ bò ó, ó ní, "Ó yá, máa lọ síléèwé." Ọmọ náà lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ẹkún ló sun délé. Láti ọjọ́ náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Gbogbo síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló ń wọ́lẹ̀. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀, ó jókòó. Lọ́jọ́ tí àkọ́bí ẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì, ó dúró sẹ́yìn àga kí wọ́n tó ya fọ́tò. Èèyàn lè máa ra bàtà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ogún ọdún kó má mọ̀ pé irú ẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà fúnra ẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ mọ̀ ṣá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ yìí, gbogbo èèyàn ló sì ṣì ń pè é ní Tíṣà, títí kan ìyàwó ẹ̀. Nígbà tó ń wá ìyàwó, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé bàtà kan náà wá fún àtúnṣe, bàtà tí nǹkan kan ò ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin náà yẹ bàtà wò lókè nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàtà yìí ò lárùn kankan o. Kí ló ń ṣe ẹ̀yin gan-an?" Ó ní, "Ìwọ ni." Ẹ ò rí ọkùnrin! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti jọ ń gbé.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àkọ́bí wọn gbé bàtà ìyá ẹ̀ sórí ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí àwọn mélòó ni ẹsẹ̀ wọn ò dọ́gba ládùúgbò kan ṣoṣo? Mẹ́rin ni ìyá mọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti kó lọ. Àmọ́ lórí ọjà yẹn, wọ́n ń wá a láti ibi tí kò dé rí, tí kò sì ní dé láé. Èèyàn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ bàtà náà. Tíṣà ló máa ń kà á sí i létí bó ṣe ń rán awọ. "Ẹ̀yìn ò dùn mí mọ́." "Mo jó níbi ìgbéyàwó àbúrò mi." "Ọkọ mi ní mo ti ga sí i." Á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, á máa fa òwú lọ, tó bá yá á ní, "Kí lẹ ní wọ́n wí?" Tíṣà á tún un kà.

Ohun tó wá dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí nìyí: "A ti yọ ọjà yín kúrò. Ìdí: ọjà alábùkù. Ẹsẹ̀ bàtà méjèèjì kò dọ́gba." Ọjọ́ méje ni wọ́n fún un láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Tí kò bá jàre, bàtà náà ò ní padà sórí ọjà mọ́ láéláé, gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ẹ̀ á sì pa rẹ́. Ká kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: á padà sídìí bàtà àwọn tó ń kọjá, á máa lẹ èyí tó ya, á máa kan èyí tó já, àwọn tó nílò ẹ̀ gan-an ò sì ní mọ ibi tí wọ́n ti máa rí i.

"Alábùkù," ló ń wí ṣáá. "Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní alábùkù."

"Bàtà ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ìwọ."

"Bàtà wo ló ń tiro? Ẹ dá mi lóhùn. Ta ló ń tiro?"

Inú obìnrin náà bàjẹ́ gidi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i lójú, ìgbà tó sì tún máa gbọ́ ọ, fóònù ló sọ ọ́.

Tíṣà bá ní kó fọkàn balẹ̀, òun á bá a kọ lẹ́tà. Ta ló mọ lẹ́tà kọ ju tíṣà lọ? Ó fọ ojú, ó fi awò sójú, ó jókòó ti fóònù. Àpótí kékeré kan ló wà lójú fóònù náà tí wọ́n ní ká kọ ọ̀rọ̀ ẹni sí. Ohun tó kọ rèé:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa pàtàkì, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọjà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a ń bẹ̀ yín. Ẹ má bínú sí wa. Ẹ̀yin lẹ jàre, àwa la jẹ̀bi. Ẹ forí jì wá fún gbogbo ibi tá a ti ṣẹ̀ yín, èyí tá a mọ̀ àti èyí tá ò mọ̀. Ẹ fojú àánú wò wá. Ọ̀rọ̀ bàtà náà, bó ṣe jẹ́ gan-an ni pé"

Ibẹ̀ ni àpótí ti kún. Tíṣà tẹ lẹ́tà míì, kò wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, kò wọlé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara ẹ̀ jíròrò. Ṣé kí òun yọ ìkíni? Ká má kí èèyàn ká tó bá a sọ̀rọ̀? Rárá o. Ṣé kí òun yọ ẹ̀bẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀! Ó fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí inú wọn bá ti rọ̀, àwọn fúnra wọn á bèèrè ìyókù.

"Kí la ṣe fún wọn tá a fi ń bẹ̀ wọ́n?" ìyàwó ẹ̀ bi í.

"Fi sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni nínú wa tí wọ́n pè síbi ọ̀rọ̀ rí, tí kò kọ́kọ́ ní "ẹ má bínú" kó tó mọ ohun tóun ṣe? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó jàre gan-an á kọ́kọ́ bẹ̀, kí àgbà lè rójú dá sí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó ní òun jẹ̀bi báyẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ ló máa sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Àwọn ọlọ́jà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọn ò mọ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni èsì dé. "Ẹ ṣeun tí ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi. Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́wọ́, ìpinnu wa dúró. Ẹ ṣì lè pe ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan péré sí i kí ọjọ́ méje tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò ní gba ọ̀rọ̀ yín mọ́."

Obìnrin náà dìde, ó jókòó, ó tún dìde. "Ta ló jẹ̀bi? Tíṣà, ta ló jẹ̀bi? Èmi tí mo rán bàtà mi jẹ́jẹ́, kí ni mo ṣe?"

"Ìwà ọmọlúàbí ni mo hù sí wọn."

"Ìwà ọmọlúàbí lẹ fi dá mi lẹ́bi!"

Tíṣà mú fìlà ẹ̀, ó rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àánú ẹ̀ ṣe mí, nítorí tọkàntọkàn ló fi kọ lẹ́tà yẹn. Àmọ́ òótọ́ ni, òun ló fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀bi ìyàwó ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, àkọ́bí wọn pè láti ìlú tó ń gbé. Wọ́n ka lẹ́tà náà fún un látòkè délẹ̀. Nígbà tó gbọ́ "àwọn ọmọ ńkọ́," ẹ̀rín pa á, ó rín títí tó fi rí i pé òun nìkan lòun ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Dádì, ẹ gbọ́ ná. Kò sẹ́ni tí inú ẹ̀ máa rọ̀ níbẹ̀. Ẹ ti ní ẹ jẹ̀bi, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn sọ ohun tí bàtà náà wà fún ní ṣókí, kẹ́ ẹ sì fi hàn wọ́n."

"A ti fi hàn wọ́n," ìyá ẹ̀ dáhùn. "Ó wà nínú fọ́tò."

"Lórí tábìlì ló wà, Mọ́mì. Téèyàn bá rí i lórí tábìlì, tí kò sì mọ ohun tó wà fún, á ní ẹni tó ṣe é ò mọṣẹ́ ni. Lẹ́sẹ̀ èèyàn ló yẹ kí wọ́n ti rí i."

Tíṣà ní, "Fọ́tò àwọn oníbàárà kún inú fóònù yìí. Ká mú ọ̀kan níbẹ̀."

"Ẹ ò gbọdọ̀!" Ìyàwó ẹ̀ yọ fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀ hàn mí, èmi nìkan ló fi hàn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé kiri."

Tíṣà bá yíjú sí ògiri. Òun àti ọmọ ẹ̀ mọ ẹsẹ̀ tó kù, kò sì sí èyí tó lè dárúkọ ẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ìyá náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́bọ̀, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ó bínú sí ọjà, ó bínú sí Tíṣà, ó bínú sí awọ tó tẹ́ sórí tábìlì. Gbogbo ìbínú yẹn, ìtìjú ló wà lábẹ́ ẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti bímọ tó ti dàgbà, ojú ń tì í gẹ́gẹ́ bó ṣe tì í lọ́jọ́ tó ń sunkún bọ̀ láti iléèwé. Ó sọ fún ara ẹ̀ pé kí bàtà kúkú máa lọ. Ó mú abẹ́rẹ́, ó rántí obìnrin tó kọ̀wé pé òun jó, ó sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní ta ni yóò wá máa ṣe bàtà fún irú wọn? Ó tún ní kí ló kan òun? Bó ṣe ń bá ara ẹ̀ jà nìyẹn títí tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí oòrùn ṣe wọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Tíṣà, ẹ gbé fóònù wá." Ó bọ́ sójú ìmọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fọwọ́ méjèèjì ká síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè dé orúnkún. "Ẹ yára, kí n tó yí ọkàn padà."

Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, àtàǹpàkò ara ẹ̀ ni Tíṣà yà. Nínú ìkejì, ó gé ẹsẹ̀ kúrò, ó ku aṣọ.

"Ṣé aṣọ ni mo ní kẹ́ ẹ yà? Aṣọ lẹ ti ń yà láti ọjọ́ ìgbéyàwó!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tíṣà, ìyàwó ẹ̀ náà rín, ìyẹn ló jẹ́ kí ara wọn balẹ̀. Méjì tó dáa jáde níkẹyìn. Nínú ọ̀kan, kò wọ bàtà: èjìká ẹ̀ dà sí òsì, ìbàdí ẹ̀ tẹ̀ sí òsì, ẹni tó bá wò ó á fẹ́ na ọwọ́ dì í mú. Nínú ìkejì, ó wọ bàtà ẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán, apá kan ò ga ju apá kejì lọ. Ó wo fọ́tò méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Kò rí ara ẹ̀ báyẹn rí.

Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ìwé lọ́tẹ̀ yìí, ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́. Bàtà yìí ò lábùkù. Ẹsẹ̀ mi òsì kúrú ju ọ̀tún lọ. Nínú fọ́tò kìíní, mi ò wọ bàtà. Nínú ìkejì, mo wọ̀ ọ́. Tí bàtà méjèèjì bá dọ́gba, èmi ni mi ò ní dọ́gba. Irú wa pọ̀, orí ọjà yín sì ni wọ́n ti ń rí mi. Ẹ dá bàtà mi padà."

Tíṣà na ọrùn wò ó. "Kò wá sí 'ẹ jọ̀ọ́' níbẹ̀ rárá?"

"Kò sí."

"Ẹyọ kan péré, ìyàwó mi."

"Tíṣà!"

"Kó kàn wà níparí. Wọn ò ní rí i."

Ó wo ojú ọkọ ẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe é, ó bá fi "Ẹ ṣé" síparí ẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́.

Sátidé kọjá, kò sí nǹkan. Ọjọ́ Àìkú kọjá, kò sí nǹkan. Tíṣà ń gbé fóònù kiri bí ọmọ ọwọ́, ó gbé e lọ sí balùwẹ̀ pàápàá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyàwó ẹ̀ ń gé awọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. "A ti tún ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò. Bàtà yín ti padà sórí ọjà. Ẹ má bínú fún ìnira tí èyí fà."

Tíṣà fò sókè. "Wọ́n ní ẹ má bínú! Ìyàwó mi, wọ́n ti jẹ́wọ́! Àwọn ló jẹ̀bi!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó gba fóònù, ó yẹ abẹ́ bàtà náà wò lórí ọjà. Gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó jókòó sórí awọ tó ń gé.

Àkọ́bí wọn pè, ó kí wọn kú oríire, ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀ o, àwọn tó dá ẹjọ́ nìkan ló rí fọ́tò yẹn. Kò sí lórí ọjà."

"Gbé e síbẹ̀."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní gbé méjèèjì sórí ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti rí ẹsẹ̀ mi, wọn ò kú, èmi náà ò kú. Gbé e síbẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyá ọmọ kan kọ̀wé wá láti ọ̀nà jíjìn. Tíṣà kà á sókè: "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi. Ó ti kọ gbogbo bàtà tá a ṣe fún un, ó ní kò sẹ́ni tó ń wọ irú ẹ̀. Lánàá mo fi fọ́tò yín hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, 'Mọ́mì, bíi tèmi.' Ó lọ to ìwé fúnra ẹ̀, ó dúró lé e, fọ́tò ẹ̀ rèé. Àmọ́ ó ní kí n kọ́kọ́ bi yín: ṣé ẹ máa ń sáré?"

Tíṣà tún un kà láìjẹ́ pé wọ́n ní kó tún un kà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìyàwó ẹ̀ ti sáré kẹ́yìn. Ẹni tó bá sáré, aṣọ ẹ̀ á ká sókè, gbogbo ayé á rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Òjò ì báà máa rọ̀ lé e lórí, jẹ́jẹ́ ló máa ń rìn.

"Kí ni kí n kọ sí i?" Tíṣà bi í.

"Ẹ kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ? Ìgbà wo lo sáré?"

"Ẹ dúró ná."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹ̀, ó ká síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè, ó fi há ìbàdí, ó bọ́ sójú títì lọ́sàn-án gangan, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ó kọjá ilé aránṣọ, ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, bàtà ẹ̀ ń ró gbì, gbì, gbì lórí títì. Àwọn èèyàn tú jáde. Aránṣọ kígbe pé, "Bàtà-Ò-Dọ́gba, kí ló ń lé ẹ?" Kò dá a lóhùn. Ó sáré dé ìdí òpó iná, ó yí padà, ó tún sáré bọ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbá férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ lè wá kọ ọ́ báyìí," ló wí nígbà tí ẹ̀mí ẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. "Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọmọdé."

Tíṣà sì kọ ọ́.